Igi Ìbílẹ̀ Lójúde Àlejò: Bí Ìjọba Maryland Ṣe Dé Orí Dídá Owó Padà fún Ẹni Tó Gbin Igi

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ wà ní Òkè Ọya níbí, ọ̀rọ̀ igi ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kí oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba inú wa má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ lásán ni. Ọ̀rọ̀ igi ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò, èyí tí kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò kàn.

Àwọn àgbà inú wa mọ bí ó ṣe rí nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́. Bí àlejò bá tọrọ ilẹ̀ oko lọ́wọ́ onílẹ̀, wọn a fún un. A gbin iṣu, a gbin àgbàdo, a gbin ẹ̀gẹ́. Lọ́dọọdún a gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀, kí ó lè hàn pé kò gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ gbin obì, tàbí ọ̀pẹ, tàbí kòkó, ọ̀rọ̀ ti di méjì nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àyè lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ni kò sì ní gbà fún un. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọdún kan ni iṣu ń lò. Bí wọ́n bá ti wà á tán, ilẹ̀ tún di ti onílẹ̀. Igi a máa wà fún ogójì, àádọ́ta ọdún. Ẹni tó gbìn ín lè kú, kí ọmọ rẹ̀ wá sọ pé, "Bàbá mi ló gbin igi yìí, ilẹ̀ bàbá mi nìyí." Nínú ẹjọ́ ilẹ̀, ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí sábà máa ń tọ́ka sí ni igi: ta ló gbin ọ̀pẹ yẹn, ta ló sì ń kọ ẹyìn rẹ̀? Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kò yọ ìrònú yìí kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Àwa náà gbé ìrònú náà rìnrìn àjò wá síbí. Ta ni nínú wa tó gbin igi sí àgbàlá ilé tó háyà? A lè gbin ewúro sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a lè gbin ẹ̀fọ́ sínú ike, nítorí ewúro kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìlú wa ni a ti ń gbin igi, lẹ́yìn ilé tí a kọ́ sílẹ̀ tí a kì í sùn sí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́dún.

Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà wá nígbà tí màmá wa kan nínú ẹgbẹ́ yìí ti Amẹ́ríkà dé. Ó lọ wẹ ọmọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ó ní ní àárọ̀ Sátidé kan òun rí ọmọ òun níwájú ilé, tí ó ń ya fọ́tò ilẹ̀ lásán. Òun ní, "Bàbá Tóbi, kí ni ò ń yà níbẹ̀ yẹn? Ta ló dúró síbẹ̀?"

Ó ní, "Mọ̀ọ́mi, igi ni mo fẹ́ gbìn. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ya ibi tí mo fẹ́ gbìn ín sí. Bí mo bá gbìn ín tán, ìjọba máa dá lára owó rẹ̀ padà fún mi."

Màmá káwọ́ lérí. "Ìjọba wo? Kí ìwọ gbin igi síwájú ilé ara rẹ, kí ìjọba wá máa sanwó? Ọmọ mi, ṣọ́ra o, àwọn gbájúẹ̀ wà níbi gbogbo."

Nígbà tí ó sọ ọ́ fún wa ní ìpàdé, a rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kan ní owó ló ti pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba kankan débi tí yóò fi máa dà á sídìí igi láìnídìí. Mo wá lọ wo ìtàn rẹ̀, mo sì rí i pé ìtàn náà gùn, pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe tí ó ń fi owó tún ṣe nísinsìnyí.

Lọ́dún 1634 ni ọkọ̀ ojú omi méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Ark àti Dove kó àwọn ará Ìlú Ọba gúnlẹ̀ sí Maryland. Wọ́n bá àwọn Piscataway àti àwọn ẹ̀yà mìíràn níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni ọmọ onílẹ̀. Igbó kìjikìji ló bo ilẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń sọ̀rọ̀ igi ìbílẹ̀ lónìí, igi tó ti wà nínú igbó yẹn kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Òyìnbó tó ṣòfin igi ìbílẹ̀ kì í ṣe ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní ìbílẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí wọn yóò gbin igi sí mọ́.

Àwọn tó dé náà gé igbó. Wọ́n gé e láti gbin tábà, wọ́n gé e láti kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sun ún ní èédú láti fi yọ́ irin. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi máa wọlé, ìpínlẹ̀ náà ti rí i pé igbó ń tán lọ. Ní 1906 àwọn ọmọ ìyá méjì, Robert àti John Garrett, fi ilẹ̀ igbó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà 2,000 tọrẹ fún ìpínlẹ̀, wọ́n sì ní kí ìjọba dá ẹ̀ka tí yóò máa bójú tó igbó sílẹ̀. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣòfin rẹ̀, wọ́n sì fi Fred Besley ṣe olórí. Ọkùnrin yìí wà lórí àga náà títí di 1942. Ó wọn igbó Maryland kiri láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó sì tẹ ìwé ohun tó rí jáde ní 1916. Láti ọdún 1914 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi ẹ̀bá títì láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ rántí pé ọdún yẹn gan-an ni Lugard so Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀.

Igi kan wà tí Besley fẹ́ràn púpọ̀. Igi óákù funfun ni, ní abúlé Wye Mills, òun ni wọ́n ń pè ní Wye Oak. Óákù yìí ni ìran igi tí à ń kà nínú Bíbélì Mímọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Ábúráhámù. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 96, ìdí rẹ̀ sì ju ẹsẹ̀ bàtà 31 lọ ní àyíká. Kí ènìyàn márùn-ún di ọwọ́ ara wọn mú, wọn ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbá a mọ́ra tán. Ní 1939 ìjọba Maryland fi owó ra igi náà àti ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, ní 1941 wọ́n sì sọ óákù funfun di igi ìpínlẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2002, ìjì jà ní ìrọ̀lẹ́, Wye Oak sì wó. Àwọn tó mọ̀ nípa igi ní ó ti lò ju 460 ọdún lọ. Ìyẹn ni pé ó ti tó nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún kí Ark àti Dove tó gúnlẹ̀. Àwọn ènìyàn wá láti ọ̀nà jíjìn wá wo òkú igi, àfi bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú ọba. Lára igi náà ni wọ́n fi kan tábìlì tí gómìnà ń lò, wọ́n sì ti gbin ọmọ rẹ̀ sójú ibi tó wà.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ìjọba tó fẹ́ràn igi ìbílẹ̀ tó báyìí kò lè kó igi mìíràn wá. Ibẹ̀ ni ìtàn ti dùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àrùn kan ń pa igi péà ní Amẹ́ríkà. (Kì í ṣe pía tí àwa fi ń jẹ búrẹ́dì ni mò ń wí o, èso òyìnbó tó dà bí ápù tí ọrùn rẹ̀ gùn ni.) Bí àrùn náà bá mú igi, ewé àti ẹ̀ka rẹ̀ á dúdú bí èyí tí iná jó. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ rí i pé irú péà igbó kan wà ní Ṣáínà tí àrùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Wọ́n rán Frank Meyer, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ti di òṣìṣẹ́ wọn, lọ kó irúgbìn rẹ̀ wá. Meyer fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Ṣáínà, ó sì kó irúgbìn náà ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò délé. Lọ́dún 1918 ó pòórá nínú ọkọ̀ lórí odò Yangtze, lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú omi.

Ọgbà kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní 1919 ní Glenn Dale ni wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn igi bẹ́ẹ̀. Glenn Dale yìí wà ní Káńtì Prince George's ní Maryland. Káńtì ni wọ́n ń pe ìjọba ìbílẹ̀ wọn, Prince George's yìí sì wà lára ibi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí. Ẹni tó bá ní ọmọ ní Bowie, ní Lanham tàbí ní Hyattsville mọ ibi tí mò ń wí. Ọ̀kan nínú àwọn péà tó hù ní ọgbà náà kò ní ẹ̀gún bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò ní èso gidi tí ènìyàn lè jẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń tan òdòdó funfun báláú nígbà tí òtútù bá ń lọ, ewé rẹ̀ a sì pọ́n kó tó rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Bradford, orúkọ ọ̀gá kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ọgbà náà. Ní 1954 wọ́n gbìn ín síwájú ilé àwọn ènìyàn ní University Park, ní káńtì kan náà, láti dán an wò. Ó yọrí. Ní 1963 ìjọba gbé e jáde fún gbogbo ayé, ní 1966 Lady Bird Johnson, aya Ààrẹ Amẹ́ríkà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ọ̀kan ní Washington. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ilé tuntun ló ń gbìn ín. Ó ń yára dàgbà, kò wọ́n, ó lẹ́wà. Àdúgbò mìíràn wà tó jẹ́ òun nìkan ni igi tí ènìyàn yóò rí.

Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àwọn ẹ̀ka igi yìí ń yọ láti ojú kan náà, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, igi á là sí méjì lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onílé. Èyí kéré. Wọ́n ti sọ fún àwọn ènìyàn pé kì í so. Òótọ́ sì ni, Bradford kan kò lè gba Bradford mìíràn lóyún, nítorí ara igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gé gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò tún mú irú péà Ṣáínà mìíràn wá sọ́jà. Bí àwọn méjèèjì ṣe pàdé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so èso wẹ́wẹ́, ẹyẹ ń jẹ ẹ́, ẹyẹ ń yà á káàkiri, ohun tó sì ń hù nínú igbó ní ẹ̀gún tó lè lu táyà. Ó wá ń lé àwọn igi ìbílẹ̀ kúrò láyè wọn. Ní 2023 ìpínlẹ̀ Ohio fi òfin de títà rẹ̀, Pennsylvania àti South Carolina tẹ̀lé e ní 2024. Ní South Carolina, bí ènìyàn bá gé ti ilé rẹ̀, tó mú fọ́tò rẹ̀ wá, wọn a fún un ní igi ìbílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí á má fi Amẹ́ríkà ṣẹ̀sín jù. Dóńgóyárò tí a ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ ṣe ìpàdé nígbà tí iná bá lọ, ilẹ̀ Íńdíà ni ìran rẹ̀ ti wá. Lọ́dún 1928 ni àwọn òyìnbó amúnisìn mú irúgbìn rẹ̀ láti Gold Coast wá gbìn ní Borno. Òjìji rẹ̀ tù wá lára, ọ̀pọ̀ wa ló sì ti mu àgbo rẹ̀, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọdé èyíkéyìí tí a bí síbí, yóò sọ fún yín pé igi ilẹ̀ Hausa ni.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló wà nínú igi ìbílẹ̀ gan-an tí kò sí nínú igi àlejò, ìgbà tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní ewé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Douglas Tallamy ti Yunifásítì Delaware ni ó la èyí yé àwọn ará Amẹ́ríkà jù lọ, pàápàá nínú ìwé tó kọ ní 2007. Ohun tó sọ kò ju pé kòkòrò tó ń jẹ ewé mọ ewé tí ìran rẹ̀ ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní agbègbè Maryland, irú kòkòrò tó ń di labalábá tí wọ́n rí lára igi óákù ju 500 lọ, ara péà Ṣáínà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bẹ́ẹ̀, kòkòrò wọ̀nyí ni ẹyẹ fi ń bọ́ ọmọ. Ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní chickadee nílò láti 6,000 dé 9,000 kòkòrò kó tó lè tọ́ ọmọ ìtẹ́ kan dàgbà. Ní 2018 Tallamy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àgbàlá àwọn ènìyàn ní agbègbè Washington jáde: bí ohun ọ̀gbìn ìbílẹ̀ kò bá tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní àdúgbò kan, ẹyẹ náà kò lè bí tó iye tó ń kú.

Ẹyẹ nìkan kọ́ ló mú kí ìjọba tọwọ́ bọ àpò. Òjò ni.

Gbogbo òjò tó bá rọ̀ ní apá tó pọ̀ jù ní Maryland àti ní apá kan lára ìpínlẹ̀ márùn-ún mìíràn, pẹ̀lú Washington, ọ̀sà Chesapeake ló ń ṣàn lọ. Níbi tí igbó bá wà, ilẹ̀ a mu omi náà. Níbi tí wọ́n bá da ọ̀dà àti kọnkéré sí, omi á gba inú gọ́tà lọ tààrà, á gbé ajílẹ̀, ìgbẹ́ ajá àti òróró ọkọ̀ lọ sínú ọ̀sà. Ajílẹ̀ yìí ń mú kí èéhọ̀n kún ojú omi, tí ẹja àti akàn kò fi ní rí èémí mí. Ní 1983 ni Maryland, Virginia, Pennsylvania, Washington àti ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò tún un ṣe. Ó falẹ̀. Ní ìparí 2010 iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká ṣe òṣùwọ̀n fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye ìdọ̀tí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, wọ́n sì fi 2025 ṣe gbèdéke. Ọdún náà pé, iṣẹ́ kò parí.

Òṣùwọ̀n yẹn ló lé àwọn káńtì dé ẹnu ọ̀nà onílé. Lọ́dún 2012 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Maryland pàṣẹ pé kí àwọn káńtì ńlá mẹ́sàn-án àti ìlú Baltimore máa gba owó lórí ilẹ̀ tí kò lè mu omi: òrùlé, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọ̀dà. Inú bí àwọn ènìyàn. Wọ́n pè é ní owó orí òjò. Larry Hogan fi ẹ̀sùn yìí polongo ìbò ní 2014, ó sì di gómìnà. Ní 2015 wọ́n tún òfin náà ṣe, káńtì tó bá wù ú lè dá owó náà dúró. Prince George's kò dá a dúró. Kí ó má sì jẹ́ gbígbà nìkan, káńtì náà dá ètò kan sílẹ̀ tí onílé yóò fi lè rí lára owó padà bí ó bá ṣe ohun tí yóò mú kí ilẹ̀ rẹ̀ mu omi òjò. Rain Check ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀, àjọ kan tí ń jẹ́ Chesapeake Bay Trust ló ń bá wọn pín in. Gbígbin igi wà lára ohun tó lè mú owó wá, dọ́là 150 lórí igi kan. Kí ìyẹn tó dé, láti 2009, nígbà tí Martin O'Malley jẹ́ gómìnà, ni ìpínlẹ̀ ti gbé ètò kúpọ́ọ̀nù jáde: bí igi kan bá tó dọ́là 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí ìjọba tẹ̀, wọn a yọ dọ́là 25 kúrò nídìí owó rẹ̀. Ní 2021 wọ́n tún ṣòfin pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbin igi ìbílẹ̀ mílíọ̀nù márùn-ún kí 2031 tó parí, kí 500,000 nínú rẹ̀ sì wà ní àwọn àdúgbò ìlú tí ìjọba ti pa tì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, kì í ṣe gbájúẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra fún ètò rẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ lédè wọn, rebate, túmọ̀ sí pé ìwọ ni yóò kọ́kọ́ náwó. Ìjọba kò ní fún ẹnikẹ́ni lówó kó tó lọ ra igi. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé, kí ẹ sì dúró kí wọ́n fọwọ́ sí i kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Aládùúgbò ọmọ màmá wa kò dúró. Ìtara mú un, ó ra igi mẹ́ta, ó gbìn wọ́n tán kó tó wá fọ́ọ̀mù lọ, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìwé orúkọ igi tí káńtì yín gbà, torí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹni tó ń ta igi bá pè ní ìbílẹ̀ ni ìjọba pè bẹ́ẹ̀. Igi tó ti dàgbà díẹ̀ tí ó wà nínú ike ńlá ni wọ́n sábà ń fẹ́, wọn kì í ka èyí tí ènìyàn gbìn láti inú kóró. Ẹ pe nọ́ńbà 811 kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọn yóò wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà iná gbà kọjá. Rìsíìtì ńkọ́? Ẹni tó sọ ọ́ nù ti sọ owó nù. Fọ́tò kí ẹ tó gbìn ín, fọ́tò lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín. Nítorí fọ́tò yìí ni Bàbá Tóbi ṣe ń ya ilẹ̀ lásán.

Màmá bá a wo ìwé orúkọ igi náà. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí pawpaw nínú rẹ̀. Ó ní, "Ìbẹ́pẹ nìyí, òun ni kí o gbìn!" Ó ṣe é láàánú pé kì í ṣe ìbẹ́pẹ. Igi igbó Amẹ́ríkà ni, ewé rẹ̀ gùn, èso rẹ̀ rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, orúkọ nìkan ló bá tiwa mu.

Gbogbo èyí, ẹni tó ní ilé ló wà fún. Kò sí bí ó ṣe rí fún ẹni tó háyà, àfi kí onílé rẹ̀ kọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, ta ló ní ilé ní Amẹ́ríkà? Láti àwọn ọdún 1930 ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ti ya àwòrán àwọn ìlú ńlá, tí wọ́n sì kun àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní pupa, ìyẹn ni pé kí báńkì má ṣe yá wọn lówó. Baltimore wà lára wọn. Ọdún 1968 ni òfin tó sọ pé kò gbọdọ̀ sí ẹ̀yà tí a óò torí àwọ̀ fi ilé dù jáde. Àwọn olùwádìí kan wo ìlú 37, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2021: ní àdúgbò tí wọ́n kùn ní pupa nígbà yẹn, òjìji igi kò ju ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ní àdúgbò tí wọ́n fún ní ipò kìíní, ó tó ìdá 43. Ó tó àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kun àwòrán náà, oòrùn rẹ̀ ṣì ń pa ọmọ tí kò tíì bí nígbà náà.

Ẹni tó tiẹ̀ ní ilé náà lè má lómìnira. Ẹgbẹ́ àwọn onílé wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun níbẹ̀, tí wọn yóò sọ fún ọ irú koríko tí o gbọ́dọ̀ ní níwájú ilé àti bí ó ṣe gbọ́dọ̀ kúrú tó. Ní ìlú Columbia ní Maryland, tọkọtaya kan gbin ohun ọ̀gbìn ìbílẹ̀ síwájú ilé wọn, ẹgbẹ́ àdúgbò ní kí wọ́n fà á tu kí wọ́n gbin koríko. Wọ́n gbé ara wọn dé kóòtù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ìparí 2020. Láti inú ọ̀ràn yẹn ni òfin ti jáde ní Maryland ní 2021, pé ẹgbẹ́ onílé kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni gbin koríko dípò irú ohun ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n sọ èyí nítorí àwọn ọmọ wa tí lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé máa ń dẹ́rù bà.

Ọmọ óákù funfun ni Bàbá Tóbi gbìn níkẹyìn. Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Màmá wa ló bá a di igi náà mú bó ṣe ń kó ilẹ̀ bò ó. Ó béèrè pé ìgbà wo ni yóò so. Ọmọ rẹ̀ ní ó lè tó ogún ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá dákẹ́. Ó sọ fún wa pé bí òun ṣe ń wo igi náà, ohun tó wọ òun lọ́kàn ni pé ẹni tó ń gbin igi tí yóò lo irínwó ọdún sí ilẹ̀ onílẹ̀, ṣé onítọ̀hún tún ń bọ̀ wálé? Òun kò lè pa á mọ́ra, òun bi í.

Ọmọ náà kò bínú. Ó ní, "Mọ̀ọ́mi, ilé tí ẹ̀yin àti Dádì kọ́ sí ìlú wa, ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Nígbà tí màmá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́ ní ìpàdé. Akọ̀wé wa fọ́n kàkàkí ọ̀fun rẹ̀ díẹ̀, ó ní kí á padà sórí ọ̀rọ̀ owó oṣù.